Páàdì ọkọ̀ ìdíje lójú títì Òṣogbo: kí ló dé tí kò fi mú?

Láàárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo gbé ọkọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde láti Òkè-Fìà. N kò tíì rìn jìnnà. Bí mo ṣe ń sún mọ́ oríta Ọláìyá ni kòròpé kan ṣàdédé dúró níwájú mi láti gbé èrò. Mo tẹ bíréèkì. Pẹ́dàlì le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni tẹ òkúta, ọkọ̀ sì ń yí lọ. Gbogbo agbára itan mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó dúró. Àárín èmi àti ẹ̀yìn kòròpé yẹn kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Obìnrin kan tó fẹ́ wọkọ̀ náà bojú wò mí, ó ní, "Ẹ kú ewu o." Àyà mi ṣì ń já.

Nígbà tí mo délé, mo bi ọmọ náà pé kí ló ṣe sí bíréèkì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páàdì iwájú ni. Èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje lókè òkun ni wọ́n tà fún mi. Wọ́n ní kò sóhun tó le jù ú lọ." Ìlọ́po mẹ́ta owó páàdì tó yọ kúrò ló san.

Mo gba páálí rẹ̀ wò. Wọn kò ta ayédèrú fún un. Páàdì ọkọ̀ ìdíje ni lóòótọ́, ó sì dára níbi iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Ohun tó rú ọmọ náà lójú ló ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú: a gbà pé páàdì tó lè dá ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 250 ní wákàtí kan dúró, kíá ni yóò dá èyí tó ń sá 40 dúró. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni bíréèkì ń ṣe: ó ń sọ eré di ooru. Bí ẹ bá tẹ pẹ́dàlì, ọ́ìlì bíréèkì á ti kálípà, ìyẹn irin tó di páàdì mú, kálípà á fi páàdì méjì há dísìkì, àwo irin tó ń yí pẹ̀lú táyà, láàárín, páàdì á máa ha ara dísìkì títí táyà á fi dẹwọ́. Eré yẹn kò pòórá, ooru ló dà. Ẹ jẹ́ kí n fi omi ṣe àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ tó wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 1,300, irú Corolla tó kún ìgboro wa yìí, bó bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan tí ẹ sì dá a dúró pátápátá lẹ́ẹ̀kan péré, ooru tó máa jáde lára bíréèkì rẹ̀ tó láti mú omi lítà kan ààbọ̀ hó. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta nìyẹn, láti bó ṣe wà nílẹ̀ yàrá títí tí á fi máa hó kutukutu. Bó bá jẹ́ kìlómítà 50 ló ń sá, ìdá kan nínú mẹ́rin ooru yẹn ni. Bó bá jẹ́ 200, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ ni, torí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni ooru ń dì.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń wakọ̀ nígboro. Láti Sábó dé Ìgbọ̀nà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lápá kan, èrò lápá kejì, ọlọ́kadà níwájú. A kàn ń tẹ bíréèkì, a ń jù ú sílẹ̀ ni. Dísìkì kì í sábà kọjá nǹkan bí 100 sí 200 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, láàárọ̀ sì rèé, kò tilẹ̀ gbóná ju ara yín lọ. Ẹni tó wà lórí pápá ìdíje ní tirẹ̀, á sá dé 200, á já a wálẹ̀ sí 80 láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á tún tẹ iná, kò ní pẹ́ tí á tún já a wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe yípo pápá náà bí ogún ìgbà láìsinmi. Dísìkì rẹ̀ kò ráyè tutù. Ó lè gun 500, ó lè gun 700. Nínú òkùnkùn, ẹ óò rí i tó ń pọ́n yòò bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú iná.

Páàdì kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n ooru tirẹ̀, ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú àti ibi tí agbára rẹ̀ ti ń tán. Ẹni tó bá ti jókòó ti agbada àkàrà rí, á tètè yé e. Bí epo kò bá tíì gbóná tí ẹ da ẹ̀wà sí i, á rì sísàlẹ̀, á mu epo yó, kò ní wú. Bí epo bá sì gbóná kọjá bó ṣe yẹ, ẹ̀yìn á jó kí inú tó jinná. Páàdì ojú títì ni èyí tí epo tirẹ̀ ti gbóná tán kí ẹ tó jáde nílé: bó ti wù kó tutù tó, ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá fi kàn án, á mú. Àmọ́ bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 300 sí 400, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Páàdì ọkọ̀ ìdíje ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná ná. Òmíràn fẹ́ 150, òmíràn fẹ́ ju 300 lọ, kó tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, á máa mú gírígírí títí dé 600, 700, níbi tí páàdì ojú títì á ti jó di eérú.

Àwọn ọkọ̀ Formula 1, ìdíje ọkọ̀ tó lókìkí jù lágbàáyé, ló fi èyí hàn jù lọ. Dísìkì àti páàdì tiwọn kì í ṣe irin rárá, kábọ́ọ̀nù ni. Ẹgbẹ́ Brabham ló kọ́kọ́ gbé e wọ ìdíje lọ́dún 1976, ó sì fara da ooru tó tó 1,000. Síbẹ̀, nígbà tó bá tutù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú nǹkan kan. Ẹ gbé irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ gba Ìgbọ̀nà kọjá lọ́jọ́ ọjà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ọ̀nà náà, kò ní gbóná débi tí yóò ti wúlò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi l'Ọláìyá nìyẹn. Páàdì yẹn ń retí iná tí n kò lè dá fún un.

Ìyà kejì tún wà tó ń jẹ ẹni tó bá fi páàdì ìdíje rìn nígboro. Bí kò bá gbóná, ńṣe ló ń fá dísìkì bí ẹni fi yanrìn ha ìkòkò. A tú táyà iwájú ọkọ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi lò ó. Mo fi èékánná ìka mi gba ojú dísìkì kọjá, mo sì ń kà á: ojú ìlà mẹ́rin ló ti gbẹ́ sí i, ọ̀kan jìn débi pé èékánná há sínú rẹ̀. Ìyẹ̀fun dúdú lẹ̀ mọ́ rímù, ọṣẹ àti fọ́ọ̀mù kò ràn án. Ariwo rẹ̀ ńkọ́? Gbogbo àdúgbò ti ń fi igbe bíréèkì rẹ̀ mọ ìgbà tó ń dé sílé.

Kí ni wọ́n wá fi ń ṣe páàdì gan-an? Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn. Lọ́dún 1888, Bertha Benz, ìyàwó Karl Benz tó ṣe mọ́tò, gbé ọkọ̀ tuntun ọkọ rẹ̀ jáde ní Mannheim ní Jámánì láìsọ fún un. Òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ló wà á lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Pforzheim, ìrìn tó lé ní kìlómítà 100. Igi ni wọ́n fi ṣe bíréèkì ọkọ̀ náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ojú ọ̀nà sì ń jẹ igi náà tán. Bertha yà sọ́dọ̀ aránbàtà, ó ní kó kan awọ mọ́ ọn fún òun. Awọ yẹn ni baba ńlá gbogbo páàdì tó wà lọ́jà lónìí.

Lóde òní, àdàlù ni páàdì. Wọ́n á po òwú, lúbúlúbú irin, ìyẹ̀fun oríṣiríṣi pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù líle kan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ abala irin, wọ́n á yan án. Èyí tí wọ́n ń pè ní organic ló rọ̀ jù, kì í pariwo, kì í jẹ dísìkì, àmọ́ òun ló kọ́kọ́ ń ti bí ooru bá dé. Semi-metallic ní irin púpọ̀ nínú, ó lè tó ìdá 30 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ń gba ooru mọ́ra, ó sì ń pariwo díẹ̀. Ceramic kì í pariwo, ìyẹ̀fun rẹ̀ kì í ba rímù jẹ́, bó ṣe ń mú láàárọ̀ náà ló ń mú lọ́sàn-án. Mo gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ lórí ceramic yìí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó owó àwọn èèyàn lọ. Àwọn ọkọ̀ olówó gọbọi kan ní dísìkì ceramic, ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yẹn á rò pé páàdì ceramic náà jẹ́ ti eré sísá. Wọn kò bára tan. Páàdì ceramic jẹ́ ti ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń lọ síbi òde lọ́jọ́ Sátidé. Ní ti páàdì ìdíje, irin àti kábọ́ọ̀nù ló kún inú rẹ̀, ohun rírọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù, tí mo fẹ́ kí olúkúlùkù tó ń wakọ̀ mọ̀ dáadáa, ni bí ẹsẹ̀ ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe bíréèkì. Ẹ jẹ́ ká gba Òṣogbo lọ sí Iléṣà, ká gba Ìtawúrẹ́ kọjá lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá kún fún ẹrù, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì ojú títì á gbóná bí ti pápá ìdíje. Oríṣi àìsàn méjì ló lè dé.

Nínú àkọ́kọ́, pẹ́dàlì á dúró sókè, á le, ẹ óò máa tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ kò ní dúró. Páàdì ló ti kọjá ooru tirẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó dè é pọ̀ ti ń jóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń tú jáde lára rẹ̀, ó wọ àárín páàdì àti dísìkì, páàdì wá ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ óò gbóòórùn kan tó ta jáì, bí ìgbà tí wáyà iná bá jó. (Pẹ́dàlì lè le bẹ́ẹ̀ náà bí ẹ́ńjìnnì bá kú tàbí tí búsítà, ẹ̀rọ tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, bá bàjẹ́, nítorí náà kí mẹkáníìkì yẹ ìyẹn wò pẹ̀lú.)

Nínú ìkejì, pẹ́dàlì á rọ̀, á rì wọlẹ̀ bí ẹni tẹ fóòmù, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kápẹ́ẹ̀tì. Páàdì kọ́ nìyẹn. Ọ́ìlì bíréèkì ló hó nínú páìpù. Ọ́ìlì kì í ṣe é fún pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé agbára ẹsẹ̀ yín dé kálípà. Bó bá hó, á di èéfín, èéfín sì ṣe é fún pọ̀. Ẹsẹ̀ yín kàn ń tẹ èéfín ni, kò sóhun tó ń dé ọ̀dọ̀ páàdì.

Ọ́ìlì bíréèkì tí a ń lò máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, lórí ilẹ̀ wa tí òjò pọ̀ sì rèé. DOT ni àmì tí wọ́n fi ń sọ oríṣi ọ́ìlì bíréèkì. DOT 3 tuntun kò gbọ́dọ̀ hó kó tó dé 205. Bó bá ti fa omi tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, 140 ti tó láti mú un hó. DOT 4 tuntun, 230. Bó bá ti mu omi, 155. Ẹ wo bó ṣe já wálẹ̀ tó! Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀: ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá páàdì ìdíje kiri, ọ́ìlì tuntun ló nílò. Ọ́ìlì inú ọkọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúdú bí omi aró nígbà tí a ṣí i. Láti ọjọ́ tó ti ra ọkọ̀ náà ní tòkúnbọ̀, kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kí a máa fa ti àtijọ́ dànù ká da tuntun sí i, kí wọ́n sì fa atẹ́gùn kúrò nínú páìpù rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ti súkàánì díwọ̀n bí ó bá dín, yóò wú àwọn rọ́bà inú rẹ̀, gbogbo bíréèkì á sì dàrú.

Fún gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, kò sí páàdì tó ju jíà lọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ wọ jíà kejì, tàbí kí ẹ fa ọ̀pá jíà sí "2" tàbí "L" bó bá jẹ́ ọ́tò. Ẹ́ńjìnnì á máa dì í mú, ẹsẹ̀ yín á sì máa kan bíréèkì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kíkàn tó lágbára, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ kó tutù.

Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, ẹ má kàn béèrè pé èwo ló le jù. Ẹ gba páàdì náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lára ọ̀pọ̀ páàdì, ẹ óò rí nọ́ńbà àti lẹ́tà wínníwínní, lẹ́tà méjì á sì parí rẹ̀: EF, FF, GF, GG. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, ìkejì ń sọ bó ṣe ń mú nígbà tó bá gbóná. E túmọ̀ sí pé agbára ìmúnú rẹ̀ wà láàárín 0.25 sí 0.35, F wà láàárín 0.35 sí 0.45, G láàárín 0.45 sí 0.55. FF dára fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgboro, torí pé bó ṣe wà ní tútù náà ló wà ní gbígbóná. Èyí tí lẹ́tà kejì rẹ̀ bá kéré sí àkọ́kọ́, á máa dẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Ṣùgbọ́n ooru tí wọ́n fi dán àwọn lẹ́tà yìí wò kò ju nǹkan bí 340 lọ, nítorí náà wọn kò lè sọ fún yín bí páàdì á ṣe ṣe lórí pápá ìdíje. Bí ẹ bá rí "90R" tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn irin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ E tó wà nínú òrùka, òfin Yúróòpù ni, ó ń sọ pé ìmúnú páàdì náà kò jìnnà ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí ti èyí tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn gan-an lẹ ń wá.

Bó bá jẹ́ pé ìgboro àti ọ̀nà jíjìn ni ẹ ń rìn, ceramic tàbí organic tó dára ti tó yín. Ọlọ́kòròpé, onítakisí, ẹni tó ń kó ẹrù lọ sí Ìkìrun lójoojúmọ́, semi-metallic ni kó rà, kó fara mọ́ ariwo rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ràn eré sísá, bó bá jẹ́ lójú títì ni ẹ ti ń sá a, páàdì kankan kò lè gbà yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Bó bá jẹ́ pápá tí wọ́n ti pàlà, tí ẹlòmíràn kò sí lójú ọ̀nà, ẹ ra oríṣi páàdì méjì, ti ìgboro àti ti ìdíje. Ẹ wọ ti ìgboro débẹ̀, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì tún pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó padà sílé. Ẹ má gbàgbé ọ́ìlì DOT 4 tuntun. Nígbà tí ẹ bá sì parí, ẹ yípo lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìrọ̀rùn láìtẹ bíréèkì, ẹ má fa háńdì-bíréèkì nígbà tó ṣì ń gbóná.

A gbé dísìkì ọmọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fá a ní mọ́ṣíìnì, àmọ́ ó ti jẹ jù, ni a bá ra tuntun, pẹ̀lú páàdì FF. Bí mẹkáníìkì ṣe fẹ́ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fọ́kanáísà fẹ́ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ dànù, mo ní kó dúró. Àwọn páàdì kan ṣì ní ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù la fi nù ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ojú ọ̀nà dá, a gbé e gba títì tó lọ sí Gbọ̀ngán. Páàdì tuntun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi díẹ̀ lára ara rẹ̀ kun ojú dísìkì kó tó mú dáadáa. A sá dé 50, a tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 10 láìdúró, a tún sá, nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn. Òórùn díẹ̀ jáde, ìyẹn kò léwu. Lẹ́yìn náà, a rìn bíi kìlómítà márùn-ún láìkàn án kó lè tutù. Páàdì ìdíje rẹ̀ ti padà sínú páálí. Ó ní òun máa lò ó lọ́jọ́ tí òun bá rí pápá gidi. Mo ní kó tọ́jú dísìkì àtijọ́ rẹ̀ tì í kí n lè fi ojú rẹ̀ hàn án, àmọ́ kó ra dísìkì mìíràn fún ọjọ́ yẹn, torí ohun tí páàdì kan bá ti kùn sójú dísìkì, páàdì mìíràn kì í sábà gbà á.